Peter Danckwerts: Ọkùnrin tó tú bọ́ǹbù ní Lọ́ńdọ̀nù, tó tún ṣírò bí omi ṣe ń mu gáàsì

Bí ẹ bá ní kí n dárúkọ ẹnì kan tó jẹ́ pé ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi kọ ìtàn ayé ẹ̀, mi ò ní ronú jìnnà. Peter Victor Danckwerts ni. Àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ogun mọ̀ ọ́n sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tú bọ́ǹbù nígbà tí Jámánì ń fi iná sun Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn tó kàwé nípa iléeṣẹ́ kẹ́míkà mọ orúkọ ẹ̀ mọ́ ìṣirò kan tó ti fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀fọ́rí. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé àwọn tó mọ apá kan kì í sábàá mọ apá kejì.

Ìṣirò yẹn ni èmi ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀. Dìpúlómà ni mo gbà ní poli, kẹ́míkà la sì ń bá yí níbẹ̀ kí n tó ya sí iṣẹ́ ìròyìn. Olùkọ́ wa kọ orúkọ náà sójú pátákó, ó pè é lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tó lè pè é tẹ̀ lé e nínú gbogbo kíláàsì. Kó sọ fún wa pé ẹni tó ni orúkọ yẹn ti fọwọ́ ara ẹ̀ di ẹ̀rọ tó fẹ́ bú gbàmù mú rí, rárá o. Ìdánwò ló ń sọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo ti kúrò níbẹ̀ pátápátá ni mo wá ka ìyókù, mo sì rò pé ó tó ohun tí èèyàn ń sọ fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka búlọ́ọ̀gì yìí.

Ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 1916 ni wọ́n bí i ní Emsworth, ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́. Ológun ojú omi ni Victor bàbá rẹ̀, ipò admiral ló sì dé nínú iṣẹ́ náà. Ọmọ lọ sí Winchester College, ó tibẹ̀ bọ́ sí Balliol ní Yunifásítì Oxford, ó kàwé kẹ́mísírì, ó sì gba first class ní 1939. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ọdún tí ogun kejì bẹ́ sílẹ̀ gan-an ló parí ìwé.

Ó kọ́kọ́ rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kẹ́míkà kékeré kan, àmọ́ nígbà tó máa fi di 1940, ó ti wọ aṣọ ológun ojú omi, lẹ́gbẹ́ àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Iṣẹ́ bọ́ǹbù títú ni wọ́n yàn án sí.

Èmi ò fẹ́ ká sáré kọjá ibí yìí. Láti ọjọ́ 7, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1940, ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń ju bọ́ǹbù sí Lọ́ńdọ̀nù, alaalẹ́ ni, fún ọjọ́ 57 léraléra. Nínú ohun tí wọ́n ń jù ni ọ̀kan wà tó burú ju gbogbo wọn lọ. Mine ni, bọ́ǹbù tí wọ́n ṣe kó lè máa dúró de ọkọ̀ nísàlẹ̀ òkun. Irin ara ọkọ̀ tó bá ń kọjá ló máa ń jí i. Jámánì wá bẹ̀rẹ̀ sí í so páráṣúùtì mọ́ ọn, wọ́n ń jù ú sórí ìlú. Èyí tó tóbi nínú wọn wọ̀n tó tọ́ọ̀nù kan. Páráṣúùtì yẹn á gbé e wálẹ̀ jẹ́jẹ́ láìsí ariwo kankan, kò ní wọlẹ̀ bíi bọ́ǹbù yòókù, orí ilẹ̀ gbalasa ni yóò ti bú, àwọn ilé tó yí i ká á sì wó lulẹ̀.

Aago kékeré kan wà lára ẹ̀. Bó bá ti balẹ̀, aago náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká, kò sì ní tó ìdajì ìṣẹ́jú tí yóò fi bú. Àmọ́ nígbà mìíràn aago á há. Mine á wà níbẹ̀, á sùn sílẹ̀ tàbí kí páráṣúùtì ẹ̀ há sórí igi tàbí òrùlé, kó máa fì. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí aago yẹn máa jí. Ọkọ̀ tó bá kọjá ládùúgbò lè jí i. Ìlẹ̀kùn tí wọ́n bá tì gbà-á lè jí i. Iṣẹ́ Danckwerts ni pé kó lọ bá a níbi tó wà, kó gbé irinṣẹ́ tí òòfà kò lè fà lọ́wọ́, kó tú nǹkan tó ń dáná sí i kúrò lára ẹ̀. Bó bá gbọ́ tí aago bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kó sáré. Ibi tó bá sáré dé láàárín àwọn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn ló kù.

Wọ́n ní ológun ojú omi ló gbọ́dọ̀ ṣe é, nítorí bọ́ǹbù òkun ni, kódà bó jẹ́ orí ilé èèyàn ló wà. Danckwerts wà ní èbúté Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí wọ́n da mine sí àgbègbè náà. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú iṣẹ́ yìí. Ó jáde lọ bá wọn, ó sì ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 48 láìfi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn. Nígbà tó fi máa dúró, nǹkan bíi mine 16 ló ti fọwọ́ kàn.

Ẹ ro ti ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún síi. Àwọn ojúgbà ẹ̀ nínú yín ń wá ibi tí wọ́n á ti sìnrú ìlú.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni Ọba George Kẹfà dá àmì ẹ̀yẹ George Cross sílẹ̀, fún àwọn tó bá fi ìgboyà tó ga jù lọ hàn níbi tí kì í ṣe pé wọ́n dojú ìbọn kọ ọ̀tá. Danckwerts wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á, ìkéde náà jáde ní oṣù Kejìlá 1940. Kò sì ṣíwọ́ ogun lẹ́yìn ìyẹn. Ní 1943, nígbà tí wọ́n ń gba erékùṣù Sicily lọ́wọ́ ọ̀tá, mine ló ṣe é léṣe níbẹ̀. Ohun tó ti sá fún un ní Lọ́ńdọ̀nù lọ bá a lókè òkun. Ó yè é.

Ogun parí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ṣe irú ohun tó ṣe ni yóò fi àmì ẹ̀yẹ wọn sórí ògiri, kí wọ́n wá máa jẹun lórí ẹ̀ títí ayé. Òun padà sí ilé ẹ̀kọ́. Ní 1946, ó gba owó ìrànwọ́ Commonwealth Fund, ó wọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní MIT, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Kẹ́mísírì lásán ló kọ́ ní Oxford. Ní MIT ló ti wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ kẹ́mísírì di iléeṣẹ́: bí wọ́n ṣe ń kúrò nínú ìgò kékeré bọ́ sínú táǹkì tó ga tó ilé alájà mẹ́rin. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ mọ ẹ̀kọ́ yẹn nígbà náà bíi ti Amẹ́ríkà. Ó parí ní 1948, Cambridge sì gbà á láti wá máa kọ́ni nínú ẹ̀ka tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó àwọn elépo dá sílẹ̀.

Ibí ni ìṣòro tó fi gbayì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ bá mi ká lọ, kì í ṣe ohun tó le tó bí àwọn olùkọ́ ṣe máa ń ṣe é.

Ẹ mú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Gáàsì tí wọ́n tì mọ́ inú ẹ̀ ló ń hó nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i, carbon dioxide ni. Láti 1803 ni dókítà kan ní Manchester, William Henry, ti jẹ́ ká mọ̀ pé bí ẹ bá ṣe ń fi agbára ti gáàsì tó ni omi ṣe máa gbà á tó. Ìyẹn sọ iye tí omi lè mu yó. Kò sọ bó ṣe máa yá tó kó tó yó. Ibi tí wàhálà iléeṣẹ́ wà gan-an nìyẹn. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ajílẹ̀ gbọ́dọ̀ fa carbon dioxide kúrò lára gáàsì tó fẹ́ lò. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe pẹnisílíìnì gbọ́dọ̀ fẹ́ ọ́síjìn wọnú omi kí àwọn olú inú ẹ̀ má baà kú. Ibi tí wọ́n ti ń fọ omi ìdọ̀tí ìlú mọ́, bákan náà. Nínú gbogbo wọn, gáàsì wà lápá kan, omi wà lápá kan, nínú rìákítọ̀ ńlá, ó sì yẹ kí ẹnì kan lè sọ ṣáájú pé gáàsì báyìí ni yóò wọlé láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí onísirò bá ṣì í, tí wọ́n kọ́ táǹkì náà kéré jù, gáàsì á jáde lọ láìwọ omi. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tóbi jù, owó irin ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Àlàyé tó wà nílẹ̀ kí Danckwerts tó dé, MIT yẹn náà ló ti wá. Whitman kọ ọ́ ní 1923, òun àti Lewis sì tún jọ gbé e jáde ní 1924. Wọ́n ní bí ẹ bá tiẹ̀ ń ro omi kan bí ọkà, awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lójú ẹ̀ tí kì í mì rárá, gáàsì gbọ́dọ̀ rọra yọ́ gba inú awẹ́ yìí kọjá kó tó dé ibi tí omi ti ń rú. Bí ẹ bá mọ bí awẹ́ náà ṣe nípọn tó, ẹ ti mọ gbogbo ẹ̀.

Àlàyé yìí rọrùn, ó sì ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ nǹkan. Ṣùgbọ́n ta ló rí awẹ́ náà rí? Ẹ lọ síbi odò tó ń ṣàn lórí òkúta, kẹ́ ẹ wo ojú omi. Ṣé ibì kan wà níbẹ̀ tó dúró sójú kan? Ohun tó ń da Danckwerts láàmú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n lo òde ìnáwó. Ẹ wà ní ìgbéyàwó kan ní Ìkẹjà, wọ́n gbé kúlà ìrẹsì jáde, èrò ya bò ó. Àwọn tó wà níwájú pátápátá nìkan lọwọ́ wọn lè tó oúnjẹ. Ìrẹsì ni gáàsì, èrò ni omi. Lójú Lewis àti Whitman, àwọn ará iwájú kò ní kúrò níbẹ̀, ńṣe ni wọ́n á máa fi abọ́ ránṣẹ́ sẹ́yìn láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ní 1935, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Higbie ní rárá, èrò iwájú ń kúrò, àwọn tẹ̀yìn ń bọ́ sí i, àmọ́ iye àkókò kan náà ni kálukú ń lò níwájú kó tó kúrò, àfi bí ẹni pé alága ìdúró wà níbẹ̀ tó ń wo aago.

Danckwerts wò ó, ó ní kò sí alága kankan níbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú, wọ́n lè fi èjìká gbá a kúrò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹun níbẹ̀ láti àárọ̀ lè ṣì wà níbẹ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnì kan ṣe pẹ́ tó níwájú kò ní nǹkankan ṣe pẹ̀lú bóyá wọ́n máa tì í kúrò báyìí. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí títì yẹn ṣe ń ṣẹlẹ̀ léraléra tó lápapọ̀. Ó fún ìyẹn ní lẹ́tà kan, s: ìdá mélòó nínú ojú omi ni omi tuntun ń rọ́pò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Nígbà tó fi ìrònú yìí ṣe ìṣirò, èyí tó jáde kúrú débi pé ẹ lè kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́. Bí omi ṣe ń yára mu gáàsì ni √(D × s). D ni bí gáàsì yẹn ṣe máa ń rìn tó nínú omi tó dúró jẹ́jẹ́. Ìyẹn nìkan.

Ẹ wo ìyàtọ̀ ẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ká ní gáàsì méjì wà, tí D ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti èkejì. Àlàyé awẹ́ á ní kó yára ní ìlọ́po mẹ́rin. Danckwerts á ní ìlọ́po méjì péré ni. Higbie náà ti rí square root yìí nínú ìṣirò tiẹ̀, àmọ́ ti Danckwerts ló bá omi tí wọ́n ń rò kíkankíkan nínú táǹkì mu, nítorí kò ní kí ẹnikẹ́ni máa wo aago. Ìwé tó gbé e jáde ní 1951 kò tó ojú ewé mẹ́wàá. Mo máa ń rántí ìyẹn tí mo bá rí àwọn tó ń kọ ojú ewé 200 tí wọn ò sì sọ nǹkankan.

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Fún carbon dioxide nínú omi tó wà ní 25°C, D jẹ́ nǹkan bíi 1.9 × 10⁻⁹ square mita láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń po gáàsì mọ́ omi, ìyára tí wọ́n ń rí kì í jìnnà sí 10⁻⁴ mita láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ bá yí ìṣirò náà padà, s á jẹ́ nǹkan bíi 5.3. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tá a bá pín in dọ́gba, ojú omi yẹn kì í lò ju ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan kí omi tuntun tó rọ́pò ẹ̀. Pẹ̀lú atẹ́gùn tó jẹ́ kìkì carbon dioxide, square mita kan ojú omi á máa mu nǹkan bíi gíráàmù 9 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ó kù ẹyọ kan. Nínú rìákítọ̀, omi kì í sábàá jẹ́ omi lásán. Kẹ́míkà wà nínú ẹ̀ tó ń gbé gáàsì mì bó bá ti ń wọlé. Bíi pé àwọn tó wà níwájú kúlà tún ní ebi tí kì í tán. Ẹ̀rù ìṣirò yẹn ti ń ba àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Nínú ọ̀nà Danckwerts, bí kẹ́míkà náà bá ń ṣiṣẹ́ ní ìyára k, ohun tí ẹ kàn máa ṣe ni kẹ́ ẹ fi k kún s: √(D × (k + s)). Ó tán. Bí k bá jẹ́ 100 nínú àpẹẹrẹ tiwa, square mita kan á máa mu nǹkan bíi gíráàmù 40 dípò 9. Ìlọ́po mẹ́rin àti ààbọ̀ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ra kẹ́míkà sí táǹkì ẹ̀ lè mọ̀ báyìí bóyá owó náà á padà wọlé tàbí kò ní padà.

Ó tún ní ìwúlò kan tí mo kà sí pé òun ló dùn jù nínú gbogbo ẹ̀. Nínú táǹkì tí gáàsì ti ń hó, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ bí ojú omi ṣe pọ̀ tó lápapọ̀? Àìmọye ìhó ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ń bẹ́, òmíràn ń ṣù. Rúlà kankan kò lè wọ̀n ọ́n. Ẹ wá mú omi tí ẹ lè yí ìyára kẹ́míkà inú ẹ̀ padà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún, kẹ́ ẹ wo iye gáàsì tó wọlé nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ iye yẹn di square, ẹ ya á sí gráàfù pẹ̀lú D × k. Ìlà tó tọ́ gbọnrangandan ló máa jáde. Bó ṣe dagun tó máa sọ fún yín bí ojú omi ṣe fẹ̀ tó, ibi tó ti gé òpó gráàfù náà á sì sọ bí omi ṣe ń yára mu gáàsì bí kò bá sí kẹ́míkà nínú ẹ̀. Ohun méjì tí kò ṣeé fojú rí, ìlà kan ló tú wọn sílẹ̀. Danckwerts plot ni wọ́n ń pè é títí dòní. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó ti tú ohun tí kò lè ṣí wò rí ló ronú irú èyí. Èrò tèmi nìyẹn o, òun kò sọ bẹ́ẹ̀ níbì kankan tí mo kà.

Ní 1953, ó tún mú ọ̀rọ̀ bí nǹkan ṣe ń pẹ́ tó yìí, ó gbé e kúrò lójú omi lọ sínú gbogbo rìákítọ̀. Ó béèrè pé bí omi bá ń wọ táǹkì lápá kan tó ń jáde lápá kejì, ṣé gbogbo ẹ̀kán omi ló ń pẹ́ dọ́gba nínú ẹ̀? Rárá. Àwọn kan á gba ẹ̀bùrú jáde, àwọn mìíràn á há sí kọ̀rọ̀. Ó kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè da àwọ̀ tàbí ohun mìíràn tó ṣeé tọpa sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n ka bó ṣe ń jáde, kí wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ àìsàn tó ń ṣe táǹkì náà. Ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ń tọ́ka sí jù nínú gbogbo ohun tó kọ, ó sì wúlò títí dé ibi ìwòsàn, nítorí ẹ̀jẹ̀ náà ń wọ inú ẹ̀yà ara, ó ń jáde.

Iṣẹ́ ìjọba fà á lọ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín 1954 sí 1956, àjọ tó ń rí sí agbára átọ́míìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bá ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Imperial College, Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1959, Cambridge pè é padà láti jẹ́ Shell Professor, olórí ẹ̀ka tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́. Ní 1960 ó gbé Lavinia Macfarlane níyàwó. Ó wà lórí àga Cambridge yẹn títí di 1977. Ilé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, Royal Society, gbà á wọlé ní 1969. Ó tún jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Chemical Engineering Science fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìyẹn ni pé ọwọ́ ẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn kárí ayé ń gbà kọjá.

Lára àwọn tó tọ́ ní Cambridge ni Man Mohan Sharma, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà, tó gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dọ̀ ẹ̀ ní 1964. Àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé kan ní 1966 lórí bí carbon dioxide ṣe ń wọ inú omi tí wọ́n fi alkali tàbí amine sí. Sharma padà sí Bombay, ó sọ ibẹ̀ di ojúkò ẹ̀kọ́ yìí, òun sì ni ẹnjiníà ọmọ Íńdíà àkọ́kọ́ tí Royal Society gbà wọlé. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mẹ́nu kàn án, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń wá ọ̀nà jáde. Ó jáde, ó sì padà sílé pẹ̀lú ohun tó lọ kọ́.

Ní 1970, Danckwerts kó gbogbo ohun tó mọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí sínú ìwé kan, Gas-Liquid Reactions. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìwà ẹ̀ hàn nínú ìwé náà. Ó ṣe ìfiwéra ọ̀nà tiẹ̀ àti ọ̀nà awẹ́ tó ti ta kò ní ogún ọdún sẹ́yìn, ó sì fi hàn kedere pé nínú ọ̀pọ̀ ìṣirò tó ní kẹ́míkà nínú, ìdáhùn méjèèjì kì í jìnnà síra wọn, nígbà mìíràn ìyàtọ̀ ẹ̀ kò ju ìdá mélòó kan nínú ọgọ́rùn-ún. Nítorí náà kò bínú sí ẹni tó bá lo ti àtijọ́ níbi tó bá ti rọrùn jù. Mélòó nínú àwọn ọ̀mọ̀wé wa ló lè kọ ìyẹn sínú ìwé ara wọn?

Kò fi ọ̀rọ̀ amine sílẹ̀ títí tó fi dàgbà. Amine ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ omi láti fi fa carbon dioxide kúrò lára gáàsì tí wọ́n ń wà nílẹ̀, kí wọ́n tó lè sọ ọ́ di dídì tàbí kí wọ́n tó lè tà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé k tó wà nínú ìṣirò kì í dúró sójú kan, ó ń yí padà lọ́nà tí kò bá òfin tó rọrùn mu bí wọ́n bá ṣe ń bù kún amine. Caplow, ará Amẹ́ríkà, ti dábàá ní 1968 pé gáàsì àti amine máa ń kọ́kọ́ so mọ́ra fún ìgbà kúkúrú gan-an, kí nǹkan mìíràn inú omi tó wá já ohun kan gbà lára wọn. Àwọn tó ń kọ́ táǹkì kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí. Ní 1979, lẹ́yìn tó ti fẹ̀yìn tì, Danckwerts hú u jáde, ó fi í ṣàlàyé àwọn nọ́ńbà tí kò bára mu wọ̀nyẹn.

Oṣù Kẹwàá 1984 ló kú, ọmọ ọdún 68. Wọ́n dá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní orúkọ ẹ̀. Àmọ́ ibi tí orúkọ ẹ̀ ti ń jáde jù lónìí ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń gbóná. Àwọn tó fẹ́ fa carbon dioxide jáde kúrò nínú èéfín iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ń kọ́ ilé gogoro tí omi amine ń ṣàn wálẹ̀ nínú ẹ̀, tí èéfín ń gòkè pàdé ẹ̀. Kí wọ́n tó gé irin kan ṣoṣo, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ bí ilé náà ṣe máa ga tó, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ k. Ìwé 1979 yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ máa ń ṣí.